Kò sí rédà tí wọ́n máa fọ́ nínú igbó Zamfara



Òru tí ó mọ́jú ọjọ́ Jímọ̀, 26 oṣù kejìlá ọdún 2025, ni Amẹ́ríkà ju àdó olóró sí igbó Bauni ní ìjọba ìbílẹ̀ Tangaza, ìpínlẹ̀ Sókótó. Láti ìgbà náà, ìbéèrè kan ni mò ń bá pàdé ní Akúrẹ́ níbí àti ní ìlú Oǹdó. Àwọn ọ̀dọ́ ń béèrè rẹ̀ lẹ́yìn ìrun Alaasari, àwọn ìyá ń fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp: "Àáfà, báwo ni nǹkan ogun ṣe máa ti orí òkun wọlé, tí yóò ré kọjá dé Sókótó, tí ẹnikẹ́ni kò ní dá a dúró? Ṣé a ò ní ohun tí a fi ń ṣọ́ òfurufú wa ni?"

Ìbéèrè náà nídìí. Mínísítà fún ètò ìròyìn, Mohammed Idris, ló sọ fúnra rẹ̀ pé orí omi Gulf of Guinea ni ìkọlù náà ti wá, pé àdó 16 tí GPS ń darí ni wọ́n lò, àti pé àwókù rẹ̀ já bọ́ sí Jabo ní ìjọba ìbílẹ̀ Tambuwal, Sókótó, ó sì já bọ́ sí Ọ̀fà ní ìpínlẹ̀ Kwara. Ọ̀fà tiwa yìí! Bí irin ogun bá ti já bọ́ sí Ọ̀fà, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ti àwọn ará Òkè Ọya nìkan.

Ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn kò gùn. Kò sí ẹni tó dá a dúró nítorí pé ìjọba wa ló ṣílẹ̀kùn. Mínísítà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, Yusuf Tuggar, ṣàlàyé pé òun bá akẹgbẹ́ òun ní Amẹ́ríkà, Marco Rubio, sọ̀rọ̀ ṣáájú, pé Nàìjíríà ló fún wọn ní ìwífún nípa ibi tí wọ́n kọlù, àti pé Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí i. Ẹni tí onílé ṣílẹ̀kùn fún kì í fi èjìká ti ilẹ̀kùn. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún yín pé Amẹ́ríkà ní láti fọ́ rédà wa kí ó tó wọlé, irọ́ ló pa.

Ṣùgbọ́n àwọn ibi kan wà tí wọ́n ti ń fọ́ ilẹ̀kùn. Iṣẹ́ kan wà láàárín àwọn ológun òfurufú tí Amẹ́ríkà sọ di iṣẹ́ àkànṣe láti ìgbà ogun Vietnam: kí àwọn ọkọ̀ òfurufú kan kọ́kọ́ lọ fọ́ gbogbo ohun tí ọ̀tá fi ń ríran lójú òfurufú àti ohun tó fi ń jà sókè, kí àwọn tó kù tó wọlé. Ó dára kí a mọ bí iṣẹ́ yìí ṣe rí, nítorí ọ̀kan nínú irú rẹ̀, èyí tí wọ́n ṣe ní Líbíà, kò tíì tán lára wa títí di òní.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí gbogbo wa mọ̀ ṣàlàyé. Bí NEPA bá mú iná lọ lóru, tí ọdẹ àdúgbò sì tan tọ́ọ̀ṣì láti wá olè, yóò rí olè bí ó bá wà nítòsí. Ṣùgbọ́n olè ti rí iná tọ́ọ̀ṣì náà kí ọdẹ tó rí òun. Bí rédà ṣe rí nìyẹn. Ó ń rán ìtànṣán tí ojú kò lè rí jáde. Ìtànṣán yìí a lọ lu ara ọkọ̀ òfurufú, a sì padà wá sọ fún ẹni tó jókòó ti ẹ̀rọ pé nǹkan ń bọ̀, pé ibi báyìí ló wà. Rédà ni ojú. Mísáìlì àti ìbọn tí wọ́n ń yìn sókè ni ọwọ́. Bí ojú bá fọ́, ọwọ́ kò mọ ibi tí yóò lù mọ́.

Wọ́n wá ṣe mísáìlì kan tí ó ń tọ ipa ìtànṣán rédà lọ títí dé orísun rẹ̀. Bí ẹni tó ń ṣọ́ rédà bá tan án, mísáìlì yìí a tọ̀ ọ́ wá. Bí ẹ̀rù bá bà á tó sì pa á, ó ti di afọ́jú nìyẹn, àwọn ọkọ̀ òfurufú tó kù a gba orí rẹ̀ kọjá. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹfà ọdún 1982, ní àfonífojì Bekaa ní Lẹ́bánónì, Ísírẹ́lì kọ́kọ́ rán àwọn ọkọ̀ òfurufú kéékèèké tí kò ní awakọ̀ lọ. Àwọn ọmọ ogun Síríà rò pé ogun ti dé, wọ́n tan rédà wọn. Ohun tí wọ́n ń dúró dè nìyẹn. Nínú ibùdó mísáìlì 19 tí Síríà ní níbẹ̀, 17 ni Ísírẹ́lì sọ pé òun fọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ní ti Ìráàn, nígbà tí Ísírẹ́lì kọlù ú ní ọjọ́ 13 oṣù kẹfà ọdún 2025, Ísírẹ́lì fúnra rẹ̀ ló kéde pé àwọn aṣojú òun ti fi dróònù pamọ́ sínú ìlú Ìráàn ṣáájú, pé láti inú ilé ni wọ́n ti fi wọ́n kọlu àwọn ohun ìdáàbòbò òfurufú. Gbogbo ẹni tó ń bi mí pé kí ni rédà Ìráàn ń wò, ẹ gbọ́: rédà kì í wo ẹ̀yìnkùlé.

Àwọn kan tún wà tí wọn kì í fọ́ rédà rárá. Abẹ́ ojú ni wọ́n ń gbà kọjá. Àwọn àgbà tó bá wà ní Oǹdó lásìkò tí ogun abẹ́lé dé Ore lọ́dún 1967 ṣì ń sọ pé "ó le kú, ìjà Ore". Ogun náà kò sì tíì tán nígbà tó kúrò ní Ore. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1969, Carl Gustaf von Rosen, ọmọ ilẹ̀ Sweden tó ń jà fún Biafra, kó ọkọ̀ òfurufú péépèèpé márùn-ún jọ, irú èyí tí wọ́n fi ń kọ́ ènìyàn ní wíwa ọkọ̀, wọ́n so rọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́ wọn lápá. Wọ́n ń fò bí ẹni pé wọ́n máa kan orí igi. Ọjọ́ 22 wọ́n dé pápákọ̀ òfurufú Port Harcourt, ọjọ́ 24 wọ́n dé Benin, ọjọ́ 26 wọ́n dé Enugu. Kí ẹnikẹ́ni tó gbúròó wọn, wọ́n ti dé orí ọkọ̀ òfurufú ìjọba tó wà nílẹ̀. Benin kò jìnnà sí wa. Ẹ máa rántí èyí nígbàkigbà tí wọ́n bá sọ fún yín pé owó ńlá nìkan ni wọ́n fi ń ja ogun òfurufú.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sí Líbíà.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹta ọdún 2011, Ìgbìmọ̀ Ààbò ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dìbò lórí ìpinnu 1973, pé kí wọ́n ti òfurufú Líbíà pa, kí àwọn ọmọ ogun Gaddafi má baà máa pa ará ìlú. Orílẹ̀-èdè 10 sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, 5 kò dá sí i, ẹnikẹ́ni kò sọ pé rárá. Nàìjíríà wà nínú àwọn 10 yẹn. Èmi kì í fẹ́ kí a gbàgbé èyí, nítorí lórí mímbárì wa, bí ọ̀rọ̀ Líbíà bá ti dé, Amẹ́ríkà àti Faransé nìkan la máa ń dárúkọ. Ọwọ́ wa náà wà níbẹ̀.

Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yin mísáìlì Tomahawk tó lé ní 110 láti orí òkun sí àwọn ibùdó ìdáàbòbò òfurufú Líbíà tó lé ní 20. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ojú òfurufú Líbíà ti ṣí gbayawu. Tí a bá fi ojú ológun nìkan wò ó, iṣẹ́ náà dán.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n fọ́ àti ohun tí wọn kò fọ́. Wọ́n fọ́ rédà ńláńlá àti mísáìlì gọbọi tí Gaddafi rà lọ́wọ́ ìjọba Soviet àtijọ́, èyí tí kò ṣeé gbé kúrò lójú kan. Ohun tó ṣẹ́ kù ni àwọn kéékèèké: ìbọn ẹlẹ́nu méjì tí wọ́n ń yìn sí ọkọ̀ òfurufú, tí wọ́n dè mọ́ ẹ̀yìn Hilux, àti mísáìlì tí ènìyàn kan lè gbé lé èjìká yìn. Àwọn wọ̀nyí kò ní rédà tí mísáìlì máa tọ̀ lọ. Ojú lásán ni wọ́n fi ń wo ọkọ̀ òfurufú. Mísáìlì àgbélé-èjìká yìí nìkan, ìṣirò Amẹ́ríkà fi hàn pé Líbíà ní nǹkan bí 20,000. Nígbà tí ọdún 2011 ń parí lọ, àwọn aláṣẹ Amẹ́ríkà sọ pé nǹkan bí 5,000 ni àwọn ti rí, tí àwọn sì ti bà jẹ́. Òmíràn jóná sínú àwọn ilé ìkóhunìjà tí NATO ju àdó sí. Ìyókù ńkọ́?

Wọ́n pa Gaddafi ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá. NATO kó ẹrù rẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù náà. Ilẹ̀kùn ilé ìkóhunìjà ṣí sílẹ̀, kò sí ọdẹ lẹ́nu ọ̀nà. Ikọ̀ tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé rán káàkiri Sahel ní oṣù kejìlá ọdún yẹn padà wá sọ pé ohun ìjà Líbíà ti ń gba aṣálẹ̀ lọ sí àwọn orílẹ̀-èdè tó yí i ká, ó sì dárúkọ Boko Haram nínú àwọn tó kó ìdààmú bá ìhà ibẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2012, àwọn Tuareg tó ti Líbíà bọ̀ bẹ̀rẹ̀ ogun ní Màlì. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta, àwọn ológun Màlì ti lé ààrẹ wọn kúrò. Nígbà tí Faransé wọlé ní ọjọ́ 11 oṣù kìíní ọdún 2013, ọjọ́ àkọ́kọ́ gan-an ni ọta ìbọn pa awakọ̀ hẹlikópítà wọn kan. Kò sí rédà, kò sí mísáìlì, ìbọn lásán ni.

Ó wá kan ilé wa. Ní ọjọ́ 18 oṣù keje ọdún 2021, ó ku ọjọ́ méjì kí a ṣọdún Iléyá, ọkọ̀ òfurufú ajagun Alpha Jet ti Nàìjíríà ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ ní ààlà Zamfara àti Kaduna. Àwọn agbébọn da ìbọn bò ó, ó já lulẹ̀. Awakọ̀ rẹ̀, Flight Lieutenant Abayomi Dairo, fò jáde pẹ̀lú ìjókòó ajánilẹ́nu-ewu, ó fara pamọ́ sínú abúlé àti igbó títí ilẹ̀ fi ṣú, ó sì rìn dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ogun wa. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Ọmọ Yorùbá ni, orúkọ rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ìdílé ní Akúrẹ́ tó ní ọmọ ní bárékè Owena tàbí ní ibùdó ológun míràn ni kò sùn dáadáa lọ́sẹ̀ yẹn.

Ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà, ìwé ìròyìn Wall Street Journal ti Amẹ́ríkà kọ ọ́ pé wọ́n gbé 20 mílíọ̀nù náírà wọ igbó Rugu ní Katsina láti fi ra ìbọn tí wọ́n ń yìn sí ọkọ̀ òfurufú lọ́wọ́ àwọn ajínigbé, kí ó má baà jẹ́ ewu fún ọkọ̀ Ààrẹ Buhari. Àwọn ológun òfurufú ní irọ́ ni. Èmi kò ní dájọ́ láàárín wọn. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹnikẹ́ni tó ń ronú bi ara rẹ̀ ní èyí: kí ló mú kí ìtàn náà ṣeé gbà gbọ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn? Ìdí rẹ̀ ni pé ìbọn tó wà lẹ́yìn Hilux, tí wọ́n fi ewé bò lábẹ́ igi, kò sí mísáìlì olówó gọbọi tó lè fi òórùn wá a kàn. Kò tan tọ́ọ̀ṣì. Àárọ̀ ó wà níhìn-ín, ìrọ̀lẹ́ ó ti wà ní abúlé míràn, láàárín ilé àti ọmọdé.

Ta ló wá lè rí i? Ará abúlé. Obìnrin tó ń lọ pọn omi, darandaran, ọlọ́kadà. Àwọn ni rédà wa. Gbogbo owó tí ìjọba bá ná lórí ọkọ̀ òfurufú tuntun, lójú àwọn wọ̀nyí ló máa gbà kọjá kó tó wúlò.

Ẹ sì wo ohun tí a ti fi ọwọ́ ara wa ṣe sí rédà yìí. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 2017, ọkọ̀ òfurufú wa ju àdó sí àgọ́ àwọn tí ogun lé kúrò nílé ní Rann, ìpínlẹ̀ Borno. Àwọn tó kú lé ní 100, àwọn òṣìṣẹ́ Red Cross wà nínú wọn. Ní ọjọ́ 3 oṣù kejìlá ọdún 2023, dróònù àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ ju àdó sí Tudun Biri ní ìjọba ìbílẹ̀ Igabi, Kaduna, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń ṣe Máólúdì Ànọ́bì. Àjọ NEMA ka òkú 85, Amnesty sọ pé ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ ogun gbà pé àṣìṣe ni.

Àwọn kan máa ń gba ẹjọ́ awakọ̀ rò pé ẹ̀rù ìbọn ilẹ̀ ló ń jẹ́ kí ó fò sókè jù, tí kò fi ríran dáadáa. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí. Lọ́dún 1999, ní Kosovo, àwọn Serb pa rédà wọn mọ́, wọ́n sì fi mísáìlì wọn pamọ́, NATO kò rí wọn fọ́ tán. Àwọn awakọ̀ NATO wá ń fò lókè ẹsẹ̀ bàtà 15,000, ní ọjọ́ 14 oṣù kẹrin wọ́n ju àdó sí àwọn tó ń sá fógun, wọ́n rò pé ọmọ ogun ni wọ́n. Nǹkan bí ènìyàn 70 ló kú, ẹ̀yà Albania ní Kosovo, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ Mùsùlùmí, sì ni wọ́n. Ṣùgbọ́n àwáwí yìí kò bá ti Tudun Biri mu. Dróònù kò ní ẹ̀mí tí yóò máa bẹ̀rù fún. Ìwífún ló bàjẹ́ níbẹ̀, ìyẹn ni pé ẹni tó yẹ kí a bi léèrè, a kò bi í.

Ní ti ẹ̀sìn wa, ọ̀rọ̀ àṣìṣe kì í parí sí "ẹ máa bínú". Súratu Nísáì, áyà 92, ti ṣàlàyé ohun tó kan ẹni tó bá ṣèèṣì pa onígbàgbọ́ òdodo: owó ẹ̀mí, ìyẹn díyà, fún àwọn ẹbí rẹ̀ àyàfi bí wọ́n bá yọ̀ǹda rẹ̀, àti ètùtù sí Ọlọ́hun lọ́tọ̀. Àwọn onímọ̀ mazhab Màlíkì tí a ń tẹ̀lé nílẹ̀ yìí kò fi ọmọ ogun sílẹ̀ nínú òfin yìí. Mi ò sọ pé ilé ẹjọ́ ológun Nàìjíríà máa fi Súratu Nísáì dájọ́. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìdí tó wà nínú òfin náà bá ọ̀rọ̀ ogun òfurufú mu gan-an: ìdílé tí wọ́n bá san díyà fún, tí wọ́n ka orúkọ òkú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n bá jókòó, ṣì lè bá ọmọ ogun sọ̀rọ̀ lọ́la. Ìdílé tí wọ́n fi òkú rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹran ìgbẹ́ yóò di ẹnu rẹ̀. Ó tiẹ̀ lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo àdó tó bá ṣìnà, rédà wa ló ń fọ́, àwa fúnra wa sì ni à ń bá ọ̀tá ṣiṣẹ́ náà lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìdí nìyí tí ìkọlù Sókótó kò fi dá mi lójú bó ṣe dá àwọn kan lójú. Kì í ṣe pé mo fẹ́ràn àwọn afẹ̀míṣòfò. Àwọn Mùsùlùmí ni wọ́n ń pa jù ní Sókótó àti Zamfara, ẹnikẹ́ni tó bá ní ẹbí níbẹ̀ mọ̀. Ṣùgbọ́n mísáìlì tó ti orí òkun wá kò lè bi ará abúlé ní ìbéèrè kankan. Nígbà tí irin já bọ́ sí Jabo, àwọn ará ibẹ̀ sọ fún àwọn oníròyìn pé àwọn kò mọ ẹgbẹ́ ISIS kankan ládùúgbò àwọn. Ààrẹ Trump sì kéde ìkọlù náà bí ẹni tó ń gbẹ̀san fún àwọn Kristẹni, nígbà tí ìjọba Nàìjíríà ń sọ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Ní Akúrẹ́ àti Oǹdó, níbi tí ọmọ ìyá kan náà ti ń lọ sí mọ́sálásí tí èkejì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀rọ̀ Trump yẹn lè ba ilé jẹ́ ju àdó rẹ̀ lọ. Owo kò jìnnà sí wa, ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì ibẹ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2022 ṣì wà lọ́kàn gbogbo wa. Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ yín máa fi fídíò Sókótó pàrokò èébú ránṣẹ́ sí àwọn ìbátan wọn tó jẹ́ Kristẹni, bẹ́ẹ̀ náà ni kí wọ́n má gbà á lọ́wọ́ wọn.

Àwọn aṣòfin wa ní Abuja, tó fi mọ́ àwọn tó ń ṣojú Àáríngbùngbùn Oǹdó, yẹ kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀: ta ni àdó 16 yẹn pa? Orúkọ wọn ńkọ́? Ta ló lọ wo ilẹ̀ náà lẹ́yìn rẹ̀? Irú àdéhùn wo ni a fọwọ́ sí, ìgbà wo ni ó máa dópin? Ìbò wa lórí Líbíà kò ní ìbéèrè wọ̀nyí nínú.

Ọ̀rọ̀ kan tó kù jẹ́ ti àwọn òbí. Àwòrán tó jáde láti Jabo fi hàn bí àwọn ènìyàn ṣe rọ̀gbà yí irin náà ká. Àwókù mísáìlì lè ní ohun tí kò tíì bú nínú, ó sì lè ní epo olóró. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ yín, àti fún àwọn tó ń ra irin àlòkù ládùúgbò yín, pé bí wọ́n bá rí irú irin bẹ́ẹ̀ lóko tàbí lẹ́bàá ọ̀nà, kí wọ́n má fọwọ́ kàn án, kí wọ́n má fi òkúta lù ú, kí wọ́n má sì dúró tì í ya fọ́tò. Kí wọ́n jìnnà síbẹ̀, kí wọ́n pe àwọn ọlọ́pàá, àwọn ọlọ́pàá ní ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àdó.